Tanímọ̀la àti adìẹ méje

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni. Àárọ̀ la ti lọ síbi ìsìnkú àgbà kan ní Ìsẹ́yìn, ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí a tó padà dé ilé wa ní Mọ́níyà. Mi ò tíì ti géètì tán tí ajá mi, Tanímọ̀la, fi sáré wá pàdé mi, tó ń ju ìrù bí ẹni pé ìrù náà fẹ́ já. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ pa á lórí. Ìgbà náà ni mo rí ìyẹ́ kan tó lẹ̀ mọ́ igun ẹnu rẹ̀.

Mo tan iná fóònù, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Òkú adìẹ méje ni mo kà. Ọ̀kan wà lábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀kan lẹ́bàá táǹkì omi, méjì sún mọ́ ara wọn níbi tí a máa ń sá aṣọ sí, àwọn yòókù fọ́n ká. Kò jẹ ìkankan nínú wọn. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ gan-an kò pọ̀. Àwọn kan wà tí mi ò rí ojú egbò lára wọn rárá, ọrùn wọn ló kàn rọ. Mẹ́jọ tó ṣẹ́kù há sábẹ́ pákó tí káfíńtà fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n la ẹnu sílẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹ.

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò tíì tú gèlè. "Ṣé ajá tí ẹ ní kò lè fẹnu kan adìẹ náà nìyí?"

Mi ò dá a lóhùn. Odidi ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi ń fi ajá yìí yangàn. Àlejò kan kì í wọlé mi kí n má mú un lọ sẹ́yìnkùlé, kó lọ wo bí àgbébọ̀ ṣe ń ṣa kòkòrò lára Tanímọ̀la níbi tó sùn sí. Mo gbé fọ́tò wọn sórí WhatsApp títí àwọn ará ibi iṣẹ́ mi fi ń béèrè pé oògùn wo ni mo lò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí orúkọ rẹ̀ ṣe jẹ́ kí n tó máa bọ̀. Nígbà tí a kó dé àdúgbò yìí, èmi àti aládùúgbò mi kan ní gbólóhùn asọ̀ lórí ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ parí sí. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń fi ajá sọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa: téèyàn bá ní ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ lójú ẹni, á fi sọ ajá lórúkọ, á wá máa pè é kíkankíkan láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo sọ ọ́ ní Tanímọ̀la kí aládùúgbò mi lè gbọ́. Mi ò mọ̀ pé èmi gan-an ni orúkọ náà ń bá wí.

Ọmọ ọ̀sẹ̀ méje ni nígbà tí mo rà á. Kọ́rọ́ọ̀sì ni: Alsatian ni ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ jẹ́ ajá ilé lásán. Adìẹ ti wà nílé kó tó dé, márùn-ún tí màmá mi fi ránṣẹ́ láti Ìgbò-Ọrà, adìẹ ìbílẹ̀ pọ́ńbélé. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò ní ìyẹ́ kankan lọ́rùn, òun ni àwọn ọmọ mi ń pè ní Ìyá Àgbà. Ọ̀sẹ̀ kejì tí ajá dé, Ìyá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọmọ mẹ́sàn-án. Ni Tanímọ̀la bá lọ ti imú bọ àárín àwọn òròmọdìẹ. Ẹni tó bá ti rí adìẹ tó ń tọ́mọ mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ó fò mọ́ ọn lójú, ó fi èékánná ya á nímú, ó lé e láti ẹ̀yìnkùlé dé iwájú ilé, ajá ń ké bí ọmọ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ náà, tí Ìyá Àgbà bá gba ìhín, ọ̀hún ni ajá á gbà.

Mo wò ó, mo ní ìfẹ́ ni. Ẹ̀rù ni.

Kó tó di pé mo ra Noiler mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ mọ Noiler, àwọn tí wọ́n mú jáde ní Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń yé ẹyin tí wọ́n sì tún lẹ́ran lára, tí wọ́n lè jẹ̀ kiri bí adìẹ ilé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n nígbà tí mo kó wọn dé. Mo fi wọ́n sínú kéèjì onípákó títí wọ́n fi pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún wọn, mo gbé àga, mo jókòó tì wọ́n. Ajá wò wọ́n, ó yán, ó lọ sùn. Ọjọ́rú, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọjọ́bọ, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọjọ́ Ẹtì, mi ò tiẹ̀ jókòó tì wọ́n pẹ́. Nígbà tó di Àbámẹ́ta, mo wọ agbádá, mo gba Ìsẹ́yìn lọ.

Ọmọbìnrin ilé kejì tó ń kàwé lójú fèrèsé òkè ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún wa. Ajá aládùúgbò mi, aládùúgbò tí mo ń wí yẹn gan-an, ló gbẹ́ ilẹ̀ gba abẹ́ ọgbà wọlé ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Eré ni àwọn ajá méjèèjì kọ́kọ́ ń ṣe. Wọ́n ń lé ara wọn kiri títí wọ́n fi gba àárín àwọn Noiler kọjá. Adìẹ kan ta gìrì, ó ń pa ìyẹ́, ó ń ké, ó ń sá. Ajá àlejò tẹ̀ lé e. Ọmọ náà ní Tanímọ̀la dúró, ó ń wò wọ́n. Ó ní ó dúró tó àkókò téèyàn fi lè ka oókan dé ẹ̀wá. Lẹ́yìn náà ni òun náà bẹ̀rẹ̀.

Mo ti ro ìdúró yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ká ní mo wà nílé, ká ní mo pè é ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, bóyá ì bá wá.

Àwọn márùn-ún ti Ìgbò-Ọrà ńkọ́? Orí igi máńgòrò ni wọ́n wà. Nígbà tí mo tan iná sókè lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rí wọn bí wọ́n ṣe tò sórí ẹ̀ka, Ìyá Àgbà ló wà lókè pátápátá, kò sí ìyẹ́ kan tó dín lára wọn. Àwọn Noiler sanra, ẹsẹ̀ wọn nípọn, wọn ò lè fò ju orí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta lọ.

Màmá mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Wọ́n ní ká wò ó bóyá méjì wà tó ṣì gbóná ká dúńbú wọn kíá. Ìyàwó mi ní òun kò ní se òkúǹbete nínú ìkòkò òun. Mo gbẹ́ ilẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo sin wọ́n.

Mo na ajá náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò ní parọ́. Mo fa bẹ́líìtì yọ, mo fi adìẹ tó ti kú kan sí i lójú, mo nà án. Ohun tó sì yọrí sí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí fi sọ́kàn, nítorí ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni. Ajá kì í fi ẹgba aago méje alẹ́ mọ ẹ̀ṣẹ̀ aago méjì ọ̀sán. Ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí nà án ni pé ó wá kí mi káàbọ̀. Nítorí náà, ìyẹn ló rò pé mo nà án sí. Fún oṣù méjì gbáko, tí mo bá ti ń ṣí géètì, abẹ́ ọkọ̀ ló máa ń sá wọ̀. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ lóòótọ́. Kò sí adìẹ kankan nínú ẹ̀kọ́ ọ̀hún.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n mi. Ìyá kan ládùúgbò ní kí n so òkú adìẹ kan mọ́ ọn lọ́rùn fún ọjọ́ mẹ́ta, kó máa rùn sí i nímú. Ẹnìkan ní kí n se ẹyin kó gbóná lálá, kí n fi há a lẹ́nu. Ìyẹn sì jẹ́ ti ajá tó ń jí ẹyin jẹ, kò kan ọ̀ràn mi, ká má tíì wá sọ ti ìkà tó wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun mọ ibi tí wọ́n ti ń ta 404, ẹran ajá, pé wọ́n á fún mi lówó gidi. Ó rò pé mo máa rẹ́rìn-ín. Aládùúgbò mi ní tirẹ̀ ní ajá òun kò mọ ọ̀nà ilé mi rí, pé ajá mi ló pè é. Ó san owó adìẹ méjì. Ẹjọ́ yẹn kò tíì tán.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n ti ṣọdẹ láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Mo mú ọtí dání, mo lọ kí wọn. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ mi tán, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ṣé ebi ń pa ajá rẹ lọ́jọ́ náà?"

"Rárá, bàbá. Ó jẹun yó kí a tó jáde."

"Ó sì fi wọ́n sílẹ̀ láìjẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Òkété tí ajá mi ń lé nínú igbó, ṣé ó máa ń jẹ ẹ́ ni? Á lé e, á gbá a mú, á gbọ̀n ọ́n, á jù ú sílẹ̀ fún mi. Ohun tó bá ti ń sá ni ajá ń lé. Ìwọ kó ohun tó ń sá wá bá a nílé, o wá ń bi í pé kí ló dé tó sáré."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n bàbá, adìẹ yín ló kún ilẹ̀ yìí, ajá mẹ́rin ló sì sùn sáàárín wọn."

Wọ́n wo àwọn ajá náà. "O ò rí àwọn tí kò sí níbẹ̀ mọ́."

Ohun tí wọ́n wá sọ lẹ́yìn ìyẹn ni mo rò pé ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ju ohunkóhun tí mo ti gbọ́ lọ. Wọ́n ní lábúlé, tí ajá bá pa adìẹ onílé, olówó rẹ̀ á san án. Tó bá tún pa á lẹ́ẹ̀kejì, ajá náà kò ní rí ìgbà kẹta. Bó ṣe rí láyé bàbá wọn nìyẹn, bó sì ṣe rí láyé bàbá bàbá wọn. Àwọn ajá tó lè rí adìẹ kó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan ló dàgbà dé ibi tí wọ́n ti bímọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni adìẹ: èyí tí kò lè fò dé orí igi, èyí tí kò lè bá ajá jà nítorí ọmọ rẹ̀, kò pẹ́ láyé. Àwọn méjèèjì ti jọ tọ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ìran. Noiler àti ọmọ Alsatian, àná ni wọ́n pàdé.

Wọ́n tún fi kún un bí mo ṣe ń dìde pé bó ti wù kó rí, tí àwọn bá ti oko ọdẹ dé, àwọn máa ń so àwọn ajá náà mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ara wọn ṣì ń gbóná, wọ́n ní.

Dókítà ẹran tó ń fún Tanímọ̀la lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún sọ ọ́ lọ́nà tirẹ̀. Ó ní ìṣe ọdẹ tó wà lára ajá, ìpele ìpele ló ń lọ: á tẹjú mọ́ ọn, á yọ́ bá a, á lé e, á gbá a mú, á gbọ̀n ọ́n, á pa á, ìgbà yẹn ni jíjẹ tó kàn. Àwọn tó ń sin ajá ti gé ibì kan kúrò nínú rẹ̀ lára ajá kan, wọ́n sì ti fa ibòmíràn gùn. Ìdílé ajá tó ń da àgùntàn ni Alsatian ti wá ní Jámánì, kí wọ́n tó dá ẹgbẹ́ tó ń bójú tó irú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1899. Nítorí náà, títẹjú mọ́ nǹkan àti lílé nǹkan pọ̀ lára rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ajá mìíràn lọ. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ kẹta sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ni ọmọ ajá máa ń kọ́ ohun tó jẹ́ ara ilé.

Mo ní ṣebí ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni tèmi nígbà tí òun àti adìẹ pàdé.

Ó ní, "Adìẹ márùn-ún ló pàdé, sà."

Mo ronú sí gbólóhùn yẹn títí mo fi délé. Èmi ni mo kó gbogbo adìẹ ayé pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Ajá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ Ìyá Àgbà, ó mọ àwọn mẹ́rin yòókù, ó mọ ìrìn wọn àti òórùn wọn. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó dé, àlejò ni wọ́n, ohun tó ń fò fìrìfìrì ni wọ́n. Tí ajá kejì bá sì ti dé, ìrònú díẹ̀ tí ajá kan ní lọ́kàn á ti wọ inú eré lọ.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe, ilẹ̀ ni. Mo gbẹ́ ìdí ọgbà kí n tó fọwọ́ kan ajá. Mo ri búlọ́ọ̀kù mọ́lẹ̀ yíká ọgbà, ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, nítorí ajá á gbẹ́ ilẹ̀ kó tó fo ògiri. Nẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́ tí mo ti rà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń tà fún adìẹ, mo rí i pé adìẹ nìkan ló ń dá dúró. Eyín ajá á ya á bí aṣọ. Wáyà líle tí wọ́n fi iná jó pọ̀ mọ́ra ni wẹ́lídà bá mi fi ṣe ọgbà fún àwọn Noiler, ó ga ju mí lọ, ó ní ilẹ̀kùn méjì tó tẹ̀ léra, kí ọ̀kan lè wà ní títì nígbà tí èkejì bá wà ní ṣíṣí. Owó rẹ̀ ju owó gbogbo adìẹ náà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ìyàwó mi ṣírò rẹ̀ fún mi, mi ò ní kó ṣe é.

Oúnjẹ adìẹ náà, mo gbé e sókè nínú dúrọ́ọ̀mù. Dókítà ẹran ló kìlọ̀ fún mi: àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ kí ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ má bàa ṣe wọ́n, tí ajá bá jẹ ẹ́ lọ títí, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rọ. Ìgbẹ́ adìẹ náà kò dára fún ajá láti máa lá, ṣùgbọ́n ta ló lè ṣọ́ ìyẹn.

Ìgbà yẹn la tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti mú un rìn yíká àdúgbò tó ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, mo máa ń fi okùn sí i lọ́rùn, èmi àti ẹ̀ á jókòó jìnnà sí wáyà, tó ìwọ̀n ogún ìṣísẹ̀. Mo ní ẹ̀dọ̀ sísè gégèègé lápò. Tó bá wo adìẹ tó sì gbójú kúrò fúnra rẹ̀, ó gba ẹ̀dọ̀. Mi ò sọ̀rọ̀, mi ò fa okùn. Tó bá tẹjú mọ́ wọn tí kò sì gbójú kúrò, ó túmọ̀ sí pé a sún mọ́ wọn jù, a dìde, a sún sẹ́yìn. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó kúrò ní ogún ìṣísẹ̀ dé márùn-ún.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti máa ka ara ajá. Ìrù jíjù kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ tó pa wọ́n, ìrù ló ń jù. Ẹnu ni kí ẹ wò. Tí ẹnu bá là sílẹ̀, tí ahọ́n yọ, tí ara rọ̀, tó ń gbóòórùn ilẹ̀ kiri, kò sí wàhálà. Tó bá pa ẹnu dé lójijì, tí etí nà síwájú, tí ojú kò ṣẹ́, tí ẹsẹ̀ iwájú kan gbé sókè díẹ̀, ẹ má ṣe dúró wò ó. Kó tó gbéra ni ẹ fi lè pè é. Tó bá ti gbéra, etí rẹ̀ ti di nìyẹn.

Oṣù kẹfà lẹ́yìn náà, Noiler kan bọ́ jáde nígbà tí ọmọ mi ń gbé omi wọlé. Tanímọ̀la wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀. Mo rí i tó pa ẹnu dé. Mo ní, "Fi í sílẹ̀!" Ó wo adìẹ, ó wò mí, ó tún wo adìẹ. Ó wá bá mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo ń wá ẹ̀dọ̀ nínú àpò. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi ní, "Ṣé ó ti gbọ́n báyìí?"

Mo ní ó gbọ́n nígbà tí mo wà níbẹ̀.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, iṣẹ́ tí mo rà á fún, ó ń ṣe é. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan ń yọ́ wọ àdúgbò wa lóru. Ilé mẹ́ta ni wọ́n ti sọkún adìẹ. Ó dé ọ̀dọ̀ wa ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, Tanímọ̀la sì gbó títí iná fi tàn ní gbogbo ilé tó yí wa ká. Ìta wáyà ló wà, ó ń lọ, ó ń bọ̀ lẹ́bàá rẹ̀, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dúró gbagidi. Àwọn Noiler wà nínú, wọ́n ń sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí ojú ẹsẹ̀ kékeré lórí iyanrìn lẹ́yìn ọgbà, kò kọjá búlọ́ọ̀kù.

Ìyá Àgbà kò wọ inú wáyà. Mo gbìyànjú, kò gbà. Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí mo da ìrẹsì àti ẹja sínú abọ́ ajá, ó rọra rìn wá, ọrùn rẹ̀ pupa bí osùn, ó ki orí bọ inú abọ́ náà, ó ń ṣa ìrẹsì. Tanímọ̀la dúró lẹ́yìn rẹ̀, ebi ń pa á, ó gbójú sí apá ibi tí ògiri wà bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Mo dúró títí ìyá náà fi jẹun yó tó sì kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo lọ fọwọ́ fa àgádágodo tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn wáyà, àkọ́kọ́ àti ìkejì, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò, mo lọ sí ibi iṣẹ́.